"Engaged" Tí Mo Túmọ̀ sí Spanish Ti Fẹ́ Ba Ìgbéyàwó Àbúrò Mi Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará page yìí, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná. Èmi ni mo ń ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin jẹ́, kò sì tíì mọ̀... Oyìnbó ará Spain kan tó wá ṣiṣẹ́ ní Jos níbí ló fẹ́ fẹ́ ẹ, ó ti padà sílé lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá yẹn ò gbọ́ English rárá. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ lórí WhatsApp nìyẹn, torí mo kọ́ Spanish díẹ̀ lórí fóònù, mo sì fi yangàn débi pé gbogbo àdúgbò wa ní Anglo Jos ló ń pè mí ní Señor.

Ní Saturday, Mama ọkọ yìí ní òun fẹ́ fi fídíò rí ìyàwó òun. Àbúrò mi ń sáré lọ choir practice ní Bauchi Road, ó ní, "Brother mi, ẹ bá mi sọ fún Mama pé I'm engaged." Ọwọ́ òun dí ló ń sọ o! Ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyẹn? Mo wo dictionary, mo mú èyí tó wà lókè pátápátá, mo kọ "comprometida" ránṣẹ́. Mama bi mí pé pẹ̀lú ta ni. Èmi rò pé ó fẹ́ mọ ẹni tó gbà á lákòókò ni... mo ní pẹ̀lú choirmaster wa, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Haba! Ta ló rán mi? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ti ní àfẹ́sọ́nà ni comprometida! "Ocupada", ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí, ló yẹ kí n kọ. Oyìnbó náà ò gbé fóònù mọ́, Mama náà dákẹ́, àbúrò mi ò jẹun, ó ń bi mí pé kí lòun ṣe fún wọn... Tí mo bá sọ fún un, ṣé ó máa dárí jì mí? Ṣé Mama máa gbà gbọ́, àbí á ní irọ́ la fi ń bò ó? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ní báyìí, àbúrò mi ní kí n bá òun kọ ọ́ sí Mama pé "I miss him." Mo ti ṣí dictionary... miss ti ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, ti ẹni tó ju òkò tí ò ba ẹyẹ wà níbẹ̀, títí dórí ti tíṣà obìnrin. Èwo ni ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí olólùfẹ́ rẹ̀? Ó jókòó sí ìkángun àga tí mo wà yìí, ojú rẹ̀ ti wú, ó rò pé Mama ni mo ń kọ gbogbo èyí sí. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbójú sókè báyìí, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?