Ìṣó Mẹ́ta Nínú Àgbọ̀n Mi

Èmi, Dalvanira Bezerra do Carmo, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, tí mò ń gbẹ́ eyín àtọwọ́dá ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Evilásio ní Umburana Torta, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé orí mi dàrú, ohun tí mo rí láàárọ̀ òní nìyí. Eyín ìyá mi nínú ife omi lójú fèrèsé, ti ìsàlẹ̀ dojú dé. Aṣọ funfun tí wọ́n fi bo dígí nígbà tí ààrá sán lánàá, wọn kò tíì ká a kúrò. Ewúrẹ́ mi méjì, ọ̀kan ń tiro. Josélia àbúrò mi, tó ń fi eyín ya ìrèké: eyín méjìdínlọ́gbọ̀n, mo kà á, kò sí èyí tó jẹrà. Ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo kí wọn, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Ẹni tó rí gbogbo èyí tó sì rántí rẹ̀ létòlétò, orí rẹ̀ pé.

Ìyá mi ló ní kí n kọ ọ́. Lánàá ni mo sọ fún wọn pé àwọn oníṣègùn eyín ní ilé-ìwé ńlá tí a ti ń kọ́ ìṣègùn eyín yóò yí ìṣó mẹ́ta wọ inú egungun àgbọ̀n mi, kí eyín tuntun lè dúró lórí wọn. Ìyá mi ní, “Irin lẹ́nu? Dígí ni mo lè fi aṣọ bò bí ààrá bá ń sán. Ẹnu tìrẹ ńkọ́, ṣé ìkòkò ni n ó máa fi dé e? Kọ ìwé ìhágún rẹ kí o tó lọ!” Wọ́n rò pé ẹ̀rù yóò bà mí. Ó dáa, ìwé náà nìyí.

Èkíní. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gbẹ́ ìda eyín, fìtílà kékeré tí mo fi ń yọ́ ọ àti búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, mo há wọn fún Josélia.

Bí mo ṣe di oníṣẹ́ yìí kò pamọ́. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìyá mi fún mi ní ẹ̀bùn tí ìyá tiwọn fún wọn: kí a yọ gbogbo eyín mi, kí a fi tuntun tó gún régé síbẹ̀, kí eyín ríro má bàa bá mi délé ọkọ. Ìfẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, mo sì kọ̀ ọ́. Oníyọyín ti yọ mẹ́ta nísàlẹ̀ lápá òsì kí n tó gé àtàǹpàkò rẹ̀ jẹ, tí mo gba ojú fèrèsé jáde. Títí dòní, Ajá Eudócia ni àwọn kan ń pè mí, ìyẹn ajá ìyá mi. Ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ajá ṣì ní eyín.

Èkejì. Eyín tí ìyá mi ti ní kí a ṣe sílẹ̀ fún mi nígbà náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀, kò wọ ẹnu ẹnikẹ́ni rí. N kò há a fún ẹnì kan. Kí Ọ̀gá Evilásio, tí mo yàn ṣe alábòójútó ogún mi, fi òòlù fọ́ ọ.

Ọwọ́ Ọ̀gá Evilásio ni eyín náà ti wá, àwọn ni mo sì gbé e padà fún nígbà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. “Wọ́n ti dá bàtà padà lójú mi, wọ́n ti dá ìyàwó padà. Eyín nìkan ni n ò rí rí. Jókòó, gba ọ̀bẹ.”

Ẹ̀kẹta. Àwòṣe àgbọ̀n mi méjì tí a fi ẹfun líle ṣe, ti ọdún tí mo sá àti ti ọdún yìí, kí wọ́n wà lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù fún gbogbo ẹni tó bá ń sọ pé, “Ẹ̀yìn ẹnu ni, ta ló ń rí i?” Ẹ gbé méjèèjì yẹ̀ wò. Ibi tí eyín ti kúrò, egungun ti yọ́ bí ọṣẹ inú omi. Eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fì, bí òpó ọgbà tí a hú èkejì rẹ̀. Ti òkè ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò bá pàdé. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń jẹun lápá kan. Eyín àtọwọ́dá tí a ń yọ sínú ife ń jókòó sórí egungun ni, kò fún un níṣẹ́ ṣe. Ìdí nìyẹn tí ti ìyá mi fi ń jó lẹ́nu wọn bí wọ́n bá ń bínú. Ṣùgbọ́n ìṣó yìí yóò dúró síbi tí gbòǹgbò dúró sí. Láàárín oṣù mélòó kan egungun yóò hù yí i ká, yóò dì í mú, a ó sì gbé eyín lé e.

Ẹ̀kẹrin. Ewúrẹ́ mi méjèèjì, mo há wọn fún Josélia, fún ìtọ́jú eyín rẹ̀: kí a fọ̀ ọ́, kí a dí èyí tó bá lu. Kì í ṣe fún yíyọ. Sátidé yìí ni yóò pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, a sì ti ránṣẹ́ sí oníyọyín. Mo wà láyè o, mo kú o, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan eyín ọmọ náà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kí ó mọ̀ pé èmi kọ́ ni ẹni ìkẹyìn tó ń gé ni jẹ nílé wa.

Ẹ̀karùn-ún. Ìyá mi, Eudócia Bezerra: n kò há nǹkan kan fún wọn. Abẹ́rẹ́ kò sí, kóòmù kò sí. Kí wọ́n má tíì pariwo.

Yàrá ìdúró ilé-ìwé náà ni mo ti ń kọ ìyókù. Ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì tó tẹ̀lé tèmi. Wọ́n ti lọgun mọ́ aṣọ́nà pé irin ni a fẹ́ fi pa ọmọ àwọn. Dókítà Noêmia, tí yóò yí ìṣó náà wọlé, kò bá wọn jà. Ó gbé àwòṣe àgbọ̀n mi ti ọdún yìí, tí mo mú dání, lé wọn lọ́wọ́. Ìyá mi ti ìka bọ ibi tó jìn, wọ́n fi ìka kan náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn. Mo fún wọn ní ìwé yìí. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀karùn-ún, wọ́n ní, “Kò sí nǹkan kan? Èmi tí mo bí ọ?”

Mo ní, “Ìyá mi, ẹni tó bá jogún kò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ lábẹ́ ẹ̀kẹrin.”

Wọ́n tún ẹ̀kẹrin kà. “Ọmọ àlùmọ̀kọ́rọ́yí.” Wọ́n ní kí n mú bírò wá.

Mo fọwọ́ sí i lónìí, Túsìdé, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà, ọdún 1996.
Dalvanira Bezerra do Carmo

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Ozório Lacerda, aṣọ́nà
Vicência Muniz, tó wá gba ìtọ́jú
Eudócia Bezerra, ìyá rẹ̀. Kí oníyọyín má wá ní Sátidé.

Ìyá mi yọjú wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé: kò sí ìkùukùu. Wọ́n gba àpò mi dání. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, mo dùbúlẹ̀ lórí àga ìtọ́jú eyín.