Bàbá Ó-ku-díẹ̀ àti Owó Ẹyọ Màmá

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1943 ni a bí olóògbé, nínú yàrá kan tó kọjú sí ilé ìṣẹ́ baba wọn. Irin ni baba wọn ń rọ, aṣọ ni ìyá wọn ń rán. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí: olóògbé, àti àbúrò wọn ọkùnrin tó ti pẹ́ lókè òkun.

Wọ́n wọ ilé ìwé ní 1949. Bí wọ́n bá ṣe ìṣirò tó pé tán, wọn a tún pa á rẹ́, nítorí pé ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ rẹ̀ wọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ Ó-ku-díẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ wọn bí àtè.

Ní 1962, wọ́n di òṣìṣẹ́ ní ilé ìṣẹ́ tí wọ́n ti ń fín àwòrán sára owó ẹyọ. Ní 1968, wọ́n gbé Màmá níyàwó. Màmá ní owó ẹyọ fàdákà kan tí ìyá wọn fi sílẹ̀ kó tó kú, tí ojú kan rẹ̀ ti pa rẹ́. Wọ́n gbé e lé ọkọ lọ́wọ́: “Ẹ bá mi fín ojú tèmi síbẹ̀.” Olóògbé ní ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún di ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Kí ló fà á? Fáìsì ilé ìṣẹ́, irin tó ń di owó mú kí wọ́n lè fín in, ń jẹ etí owó. Bí wọn kò bá sì fún un pa, ẹyọ á yẹ̀ lábẹ́ irin ìfín, imú á fò lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ni olóògbé bá ní àwọn á ṣe fáìsì tiwọn. Èyí tí wọ́n fi igi ṣe wú lásìkò òjò. Èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe fi ìwọ̀n irun orí kan fẹ̀ ju ẹyọ lọ. Wọ́n wá gé awọ bàtà ìsìn Màmá láti fi tẹ́ inú ẹ̀kẹta. Sálúbàtà ni Màmá wọ̀ lọ sí ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi.

“Ẹ ṣáà fín in, kódà kó wọ́!”

“Ó ku díẹ̀, ìyá àwọn ọmọ.”

Ní 1981, wọ́n dé orí fáìsì keje. Nítorí pé àwọn ará ibi iṣẹ́ máa ń yá irinṣẹ́ wọn tí wọ́n sì ń bà á jẹ́, wọ́n gé ojú bóòtù rẹ̀ sódì: ẹni tó bá yí i sí òsì kó lè ṣí, ńṣe ló ń dì í sí i. Àbúrò wọn, tó wá kí wọn láti òkè òkun, ló ń bá wọn gbá èérún idẹ kúrò.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún àwọn ará ilé o.”

“Ta ni màá sọ fún? Àwọn olè?”

Àbúrò padà sí ìdálẹ̀. Wọn kò tún fojú kan ara wọn mọ́.

Akọrin ni olóògbé nínú ìjọ. Bí ìwàásù bá ń lọ, ìdè àga ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Ní 1988, àdúgbò ní kí wọ́n tún géètì ṣe. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni àdúgbò fi wà láìní géètì, ṣùgbọ́n títí dòní, géètì náà kò ké rí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, olóògbé dákẹ́. Fáìsì wà lórí tábìlì ní dídì pa, ẹyọ wà nínú rẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Màmá fárígá: “Mi ò ní tẹ̀lé pósí kankan títí màá fi rí ohun tí wọ́n fi ojú mi ṣe.”

Àwọn ọmọ yí bóòtù fáìsì náà fún ọjọ́ mẹ́ta, kò mira. Àkọ́bí obìnrin bá pe àbúrò bàbá rẹ̀ lórí fóònù: “Bàbá Kékeré, a fẹ́ fi ayùn gé e.”

“Apá ibo lẹ ń yí i sí?”

“Òsì, bíi gbogbo èèyàn.”

“Ìgbà wo ni bàbá yín ṣe bíi gbogbo èèyàn rí? Ọ̀tún!”

Ó ṣí wẹ́rẹ́. Kò sí àpá kan létí owó náà. Ojú Màmá ló wà níbẹ̀, ojú ti ìsinsìnyí tòun ti ìhunjọ rẹ̀, ẹnu tì síwájú bí ẹni tó fẹ́ pòṣé. Màmá wò ó títí, wọ́n pòṣé. Ẹnu méjèèjì rí bákan náà.

Olóògbé fi Màmá sílẹ̀, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti àbúrò kan tó yẹ kó ti wálé tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, kò ku nǹkan kan mọ́. Ẹ sùn re o.