Kì í Ṣe Àrùn Ìdílé

Èmi, Mùsáfírù Ìyàndá Ògúnkànmí, káfíńtà, ọmọ bíbí Ìfọ̀ tó ń gbé ní Mowe, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ni mo kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin ọmọ mi, àti sí Káyọ̀ àbúrò mi tí yóò mú un ṣẹ. Orí mi pé, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, n kò sì fi orúnkún kọ̀wé.

1. Ilé mi ní Mowe di ti Ọládayọ̀, àkọ́bí mi. Kó má ṣe pààrọ̀ igi òrùlé rẹ̀. Èmi àti Adéyẹ́misí, ìyá yín, la jọ kàn án nígbà tí oko ṣì yí wa ká. Òun ló ń na ìṣó sí mi láti ìsàlẹ̀, tó ń kọ orin tí kò mọ̀ tán. Àárò rẹ̀ ń sọ mí lójoojúmọ́.

2. Ayùn, òòlù àti rándà mi di ti Ṣàràfá, àbíkẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló fẹ́ràn. Kó ṣáà máa fi òróró pa wọ́n.

3. Àgùntàn mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ti Fàsílátù, ọmọbìnrin mi. Èyí tó lórí dúdú lágídí. Òun àti Fàsílátù yóò mọwọ́ ara wọn.

4. Qudrah, ọmọ Ọládayọ̀, ni mo fún ní ìda kékeré tó wà nínú àpótí mi. Ẹran kókó tí wọ́n yọ ní itan rẹ̀ ní ọdún 2005, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ló wà nínú ìda náà, bí ilé àyẹ̀wò ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Kó má sọ ọ́ nù, dókítà lè tún béèrè rẹ̀.

Ẹ rántí pé àwọn dókítà fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, wọ́n mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́ta ló jọra, wọn kò mọ èyí tó jẹ́. Wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Ọ̀sẹ̀ méje la fi dúró. Èsì dé pé jíìnì méjì, àwọn ohun tó ń darí bí ẹran ara ṣe ń dàgbà, ti já kúrò ní ipò wọn, wọ́n sì ti so pọ̀, bíi pákó méjì tí káfíńtà tó ń tòògbé kàn mọ́ra. Ìsopọ̀ yẹn ni wọ́n fi mọ àrùn náà àti oògùn tó bá a mu. Lónìí, Qudrah ń fi ìrìn mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo bi dókítà pé ìdílé ta ni ó ti wá, torí mo ti ń wo ìyá ọmọ náà tìfuratìfura. Ó ní bàbá kọ́, ìyá kọ́. Inú ara ọmọ náà nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Ojú tì mí.

5. Ròkíátù Ọmọlabí, aránṣọ ní Ìbàfo, ni Ọládayọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ gbé níyàwó, ní ọdún 1984. Èmi ni mo lọ ṣe ìwádìí ìdílé wọn. Mo gbọ́ pé kókó apá ló pa Muqtadir, àbúrò rẹ̀, lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, n kò sì béèrè ohunkóhun mọ́. Mo dúró láàárín àwọn àgbà, mo ní àrùn ìdílé ni, mo sì fòpin sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà. Adéyẹ́misí kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó fẹ́ràn Ròkíátù. Bùbá tó rán fún un ló ń wọ̀ káàkiri Ìfọ̀. Òun ló jàre, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un títí ó fi kú.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn kan wá láti Owódé Ẹ̀gbá ṣe ìwádìí nítorí Nàfísàt, ọmọ Ròkíátù, tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn ni wọ́n bá pàdé. Wọn kò tíì padà wá. Nítorí náà mo jẹ́wọ́: ohun tí n kò mọ̀ ni mo sọ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó yẹ kókó Muqtadir wò rí. Káyọ̀, má dúró de ikú mi. Gbé ìwé yìí àti èsì àyẹ̀wò Qudrah lọ sí Owódé lọ́la, kí o kà á sí wọn létí.

6. N kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún Ròkíátù. Lọ́yà ní ẹni tó bá jogún kò lè ṣe ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí ni mo sì fẹ́ kó ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ̀ ọ́. Bí ó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn, kí ẹ má sì bínú sí i.

Mo fọwọ́ sí i ní Mowe, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, ọdún 2008, lójú àwọn méjì yìí.

M. I. Ògúnkànmí

Ẹlẹ́rìí kìíní: Sámúẹ́lì Ọmọ́títí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Magboro.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ròkíátù Ọmọlabí, aránṣọ, Ìbàfo. Mo kà á tán kí n tó fọwọ́ sí i. Èmi náà yóò bá Káyọ̀ lọ sí Owódé.