Férémù Oníhò

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Wọ́n fẹ́ fi pákó ilẹ̀kùn àtijọ́ kan dáná lẹ́yìn ilé. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Kòkòrò ti lu ú — ihò wínníwínní, ọ̀nà tí wọ́n rìn yí síbí, yí sọ́hùn-ún. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ọ̀nà ń wá férémù dígí gígùn fún ṣọ́ọ̀bù tuntun tó fẹ́ ṣí ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4
Ọ̀gá Àgbà — bàbá mi, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà — fìka tẹ pákó náà. "Igi ìdáná lo fẹ́ gbé fún èèyàn?" Ó ní òun ò gbé igi tí kòkòrò jẹ jáde rí. Màámi ní kí n má dá a lóhùn. Inú bí mi ṣá.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kẹrosíìnì. Oòrùn. Kòkòrò tó bá kù, ó dìgbóṣe.

Àìkú, 9
Mo ti gé e, mo ti kàn án pọ̀, mo fi òróró pa á, mi ò dí ihò kankan. Àwọ̀ rẹ̀ yọ bíi tíì tó dúdú dáadáa. Ọwọ́ mi dáa. Mo kọ ọ́ síbí torí kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún mi nínú ilé yìí.

Ọjọ́rú, 12
Mo lọ ra dígí. Kí n tó dé, Ọ̀gá Àgbà ti fi gúlù àti eruku pákó dí gbogbo ihò náà, ó fi sándípépà ha á, ó ń dán. Gbogbo òwúrọ̀ ló fi ṣe é, pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáadáa mọ́. "Mo ti bá ẹ tún un ṣe. Kò ní dójú tì ẹ́ mọ́." Mo ní ẹ ṣé, Bàbá. Mo wọ balùwẹ̀ lọ sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 13
Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń yọ gúlù. Ihò kan lẹ́yìn òmíràn. Òróró yẹn ni ò jẹ́ kí gúlù wọra — Ọlọ́run ló yọ mí. Ọ̀gá Àgbà ń wò mí lójú fèrèsé.

Ẹtì, 14
Mo parí ẹ. Ọrùn ń dùn mí.

Àbámẹ́ta, 15
A gbé e kọ́. Aránṣọ ń fọwọ́ pa á lára: ta ló gbẹ́ ọnà wínníwínní yìí? Mo ní kòkòrò ni, èmi kàn bá wọn fọwọ́ sí i. Àwọn obìnrin méjì tó wá wọ aṣọ wò gbàgbé aṣọ, férémù ni wọ́n ń wò. Orí mi wú. Bí mo ṣe yíjú, Ọ̀gá Àgbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.

Àìkú, 16
Mo jí bá àga Ọ̀gá Àgbà lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Àga pálọ̀, èyí tó fi ń kọ́ gbogbo wa bí iṣẹ́ gidi ṣe ń rí. Ó ti fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Ihò ló kún abẹ́ ọ̀dà, ó dí gbogbo wọn pa. Ó ní ọdún kejì tí òun kàn án ni kòkòrò wọ̀ ọ́, òun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, títí kan Màámi. Kò wojú mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó ní, "Bá mi ṣí ihò rẹ̀, ọ̀gá."