Ọwọ́ Rọ́bà Tí Hadassah Sá Sínú Ìsọ̀ Mi

Èmi, Nehemiah Ajíbọ́lá Fọláyan, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí mo ń gbé ní Kubwa, tí mo sì ti ń ran ìjókòó àga ní ọjà Kugbo láti ọdún mẹ́rìnlélógún, ni mo ní kí lọ́yà kọ ìwé ìhágún yìí. Rọpárọsẹ̀ pa ọwọ́ ọ̀tún mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo fagi lé ìwé tí mo ṣe ní ọdún 2015.

1. Jàbárù, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi, ni mo yàn láti mú ìhágún yìí ṣẹ. Jàbárù, ariwo rẹ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n o kì í ṣèrú. Má jẹ́ kí ẹbí fọwọ́ kan ohunkóhun kí o tó ka ìwé yìí tán sí wọn létí.

2. Ìsọ̀ mi, maṣíìnì méjèèjì àti gbogbo hámà mi di ti Fẹ́rànmí, ọmọkùnrin mi. Fẹ́rànmí, má ṣe ki ohun tí o kò mọ̀ sínú ìjókòó oníbàárà láéláé. Wàá rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

3. Ilé mi ní Kubwa di ti Hadassah, ọmọbìnrin mi, òun nìkan. Nínú ìwé 2015, n kò fún un ní ṣíbí lásán. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa ṣe rọ́bọ́ọ̀tì rírọ̀. Irin ni mo mọ̀ mọ́ rọ́bọ́ọ̀tì. Rọ́bà ni tirẹ̀, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, bí atẹ́gùn bá wọ inú rẹ̀ á ká kò. Ó ní irin lè fọ́ tòmátì, ó lè ṣe aláìsàn léṣe, ṣùgbọ́n rọ́bà á dì í mú jẹ́jẹ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí ló wúlò fún?

4. Àga aláwọ̀ ewé tó wà nínú yàrá mi di ti Hadassah pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á.

Háà, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ní oṣù Kejì 2016, Hadassah sá rọ́bà kan sórí tábìlì mi ní ìsọ̀ kí ó gbẹ. Mo rò pé àjákù ni. Ní Kugbo, a kì í da àjákù nù, inú ìjókòó là ń kì í sí. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo kì í sínú àga obìnrin kan ní Apo. Ìgbà tí Hadassah dé, tí kò rí rọ́bà rẹ̀ mọ́, tó bú sẹ́kún ni mo tó mọ ohun tí mo gé. N kò jẹ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá a, èmi náà sì ń bá a wá a!

Nígbà yẹn, rọpárọsẹ̀ ti dá Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, dùbúlẹ̀. Èmi ni mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ojú sì máa ń tì í. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló kú.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn náà kàn mí. Hadassah fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan wọ̀ mí, ó tẹ bọ́tìnnì, atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, ọwọ́ mi tó ti kú sì ká mọ́ ife tíì. Mo pariwo! Orí mi wú. Mo bi í pé kí ló gbé e dé ìdí irú nǹkan yìí. Ó ní Mọ́mì lòun kọ́kọ́ ṣe é fún, kí wọ́n lè máa fọwọ́ ara wọn jẹun, ṣùgbọ́n olè gbé e ní ìsọ̀ mi.

Yéè! Tíì náà tutù mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ti ra àga tí mo kì í sí yẹn padà ní Apo, òun ni aláwọ̀ ewé tó wà nínú yàrá mi. Hadassah, tú ìjókòó apá òsì, ibẹ̀ ni wàá ti rí i. Bàbá rẹ ni olè náà. N kò láyà láti sọ ọ́ lójú rẹ. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, dárí jì mí.

Mo fọwọ́ sí i ní Kubwa, Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2018.

N. A. Fọláyan

Àwa ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Lọ́yà gbé íńkì wá kí bàbá tẹ̀ka. Bàbá ní kó gbé e kúrò. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi kọ orúkọ wọn. Omijé wọn ló já sórí ìwé yìí, kì í ṣe omi.

Thomas Adébíyì, alàgbà ìjọ
Gàníyátù Ajíbádé, aládùúgbò