Màlúù Gašper Nínú Ìwé Ìròyìn

Podlipa, lẹ́bàá Kranj,
Ogúnjọ́ Oṣù Kọkànlá, 1884.

Polona, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ìkókó ti hu eyín? Ikọ́ ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni.

Ìwé ìròyìn ti san owó ìtàn tí Ožbolt, àbúrò mi tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ, kọ nípa abúlé wa: krajcar méjì lórí ìlà kan, ọgọ́jọ ìlà. Mo fi ọgọ́rùn-ún ra epo àtùpà, ọgọ́ta ra iyọ̀, ogójì ra bébà. Ó ku ọgọ́fà.

Ìtàn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ožbolt kọ ọ́ pé wàrà màlúù àgbẹ̀ kan kò yó ológbò. Ó yí orúkọ àgbẹ̀ náà padà, ó wá fi ti màlúù sílẹ̀: Liska. Ta ni kò mọ Liska, màlúù Gašper? Màlúù tó fẹ́ tà lọ́jà Martin Mímọ́ nìyẹn, kí Uršula ọmọ rẹ̀ lè rí owó gbé wọlé ọkọ. Oníbàárà méjì sá lọ.

Gašper já wọlé wa, ó nawọ́ sí Ožbolt. “Tíṣà, o pa mí!”

“Ìtàn lásán ni, Bàbá Uršula.”

“Lásán kẹ̀? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde!”

“Ṣé irọ́ ni pé wàrà rẹ̀ kò pọ̀?”

“Òótọ́ ni! Ta ló ní kó o sọ ọ́?”

Ó ní bí Liska kò bá sàn nínú ìwé ìròyìn, òun kò ní gé igi ìdáná fún wa mọ́. Ožbolt ní òun kì í kọ̀wé fún màlúù. Òjò dídì bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó máa fi ìwé rẹ̀ dáná nígbà náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú kálàmù. Nínú ìtàn tuntun, Liska jẹ koríko orí òkè, ó sì ń fún wọn ní lítà méjìlá lójúmọ́. Mo ní mẹ́fà ti tó. Ó ní mẹ́fà kò dùn létí.

Igi dé. Matevž tó ń lọ àlìkámà ra Liska lówó gọbọi. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó Uršula.

Láàárọ̀ yìí ni Matevž gbé korobá àti ìwé ìròyìn wá.

“Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, lítà mẹ́rin ni mò ń rí. Mẹ́jọ tó kù dà?”

“Lọ bi Gašper.”

“Gašper ò sọ nǹkan kan fún mi. Tíṣà yín ló kọ ọ́.”

Ožbolt ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sílẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ̀, kí o sì fẹnu ko ìkókó lẹ́nu fún mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, lítà mẹ́jọ lójúmọ́: lítà wàrà méjìléláàádọ́rin ni a jẹ Matevž títí di òní, àwa tí a kò ní ewúrẹ́ kan.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ṣàárò rẹ,
Neža.