Àpò Erùpẹ̀ Màámi

Ọjọ́ Ẹtì, Ìlúpéjú

Irú ìwà wo ni mo hù lónìí yìí?

Àwọn tó fẹ́ fowó síṣẹ́ wa ń wo ẹ̀fọ́ tí à ń gbìn sínú omi nínú yàrá, lábẹ́ iná, ni Màámi bá wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àpò erùpẹ̀ dúdú lórí. Oko wa ni wọ́n ti bù ú. Èmi náà ni mo sọ fún wọn pé mo ti di àgbẹ̀…

Àlejò kan bi mí pé, "Ta ni màmá yìí?"

Mo ní mi ò mọ̀ wọ́n.

Màámi rọra jáde pẹ̀lú ẹrù wọn.

Mo délé, àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Má bínú, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ kì í lo erùpẹ̀."

Mo dáhùn pé, "Kò burú, mà." Bí ẹni pé èmi ni wọ́n ṣẹ̀.